Nígbà Tí Igi Osè Bá Wọ́wé

Bí oṣù Kejìlá bá ti tó ìlàjì, tí a ti ń kí ara wa ní "ẹ kú ọyẹ́" láàárọ̀, ẹ gbójú sókè wo igi osè tó bá wà ládùúgbò yín. Kò ní í ku ewé kan lórí rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ á nípọn, á kúrú, á lọ́ sọ́tùn-ún, á lọ́ sósì. Èèpo ara rẹ̀ á rí eérú-eérú, pẹ̀lú àpá ọ̀bẹ àwọn tó ti bó o rí láti fi ṣe okùn, àpá tí igi náà ti fúnra rẹ̀ dí padà. Èso rẹ̀ nìkan ló kù, tó ń fì lábẹ́ ẹ̀ka. Àjèjì á ní igi náà ti kú. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tó wà nídìí igi yẹn gan-an, ìkòkò lúrú wà lórí iná, orí igi tó wà níhòòhò yìí ni lúrú náà sì ti wá. Wọ́n ti já ewé rẹ̀ kí ọyẹ́ tó gbọ̀n ọ́n dànù, wọ́n ti gbẹ ẹ́, wọ́n ti gún un, wọ́n ti dé e mọ́ inú kèrègbè. Àsìkò tí igi osè kò ní ewé rárá ni Ìlọrin ń jẹ ewé osè jù lọ.

Ohun tó ń wú mi lórí nípa oúnjẹ ìlú yìí nìyẹn. Ẹni tó bá máa fi ewé se ọbẹ̀ nínú ọyẹ́, inú òjò ló ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Òjò Ìlọrin kì í dúró pẹ́ lẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹwàá ló ń rọ èyí tó pọ̀ jù nínú bíi mílímítà 1,200 tó ń rọ̀ lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run á gbẹ fún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Afẹ́fẹ́ á yí padà, á máa ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, á sì máa gbé eruku bọ̀, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá. Eruku yìí kì í ṣe ohun kékeré lójú àwọn onímọ̀. Ní 1998 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí Yunifásítì Ìlọrin, lára ètò AERONET ti NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ojú oòrùn ni ẹ̀rọ náà ń wò, tó ń wọn bí eruku tó dí i lójú ṣe pọ̀ tó, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ káàkiri ayé sì ń lo ohun tó bá kọ sílẹ̀. Obìnrin tó ń ta tẹ̀tẹ̀ ní ọjà Ìpàtá mọ eruku kan náà yìí bí ẹní mowó. Òun ló ń fọ̀ ọ́ kúrò lára ewé kó tó dì í ní ìdì, òun ló sì ń rí i nísàlẹ̀ báàfù nígbà tó bá da omi nù.

Nínú ọyẹ́ yìí, ètè ń là, gìgísẹ̀ ń sán. Ewédú ẹ̀yìnkùlé á dúdú létí, á ká jọ, á kú. Afẹ́fẹ́ tó pa á yẹn náà ni kò ní í jẹ́ kí ewé tí a ti já bàjẹ́.

Ewé osè tó kéré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ni àwọn tó mọ lúrú ń fẹ́. Èyí tó ti gbó máa ń ní okùn nínú, kì í sì í kúnná. Láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ títí òjò á fi kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin ń gun igi, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n so ọ̀bẹ mọ́ lórí gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì náà ká. Ewé márùn-ún tàbí méje ló máa ń pàdé lórí igi kan tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa rẹ́ wọn kúrò lára igi náà, nítorí pé igi yẹn kì í gún kúnná láéláé. Wọ́n á ṣan ewé, wọ́n á gbọn omi rẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní.

Ibi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní náà sí ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ inú oòrùn, ewé á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n á ṣá, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á gba yíyí padà láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n á gbẹ tòun ti àwọ̀ rẹ̀. Ní Mali, níbi tí ewé osè ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn olùwádìí ti wọn èròjà tí ara ń sọ di fítámì A nínú ewé tí wọ́n sá lọ́nà méjèèjì. Èyí tó gbẹ lábẹ́ ibòji ní tó ìlọ́po méjì èyí tó gbẹ nínú oòrùn. Àwọn ìyá tó ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò dúró de ìwádìí yẹn. Àwọ̀ ewé ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n sì bá a tọ́jú ohun tó ń ṣara lóore.

Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ewé tó ti tó ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní. Òkè rẹ̀ á máa dún ṣákaṣàka, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀, á tutù díẹ̀ sí ìka. Kò tíì tó. Ìgbà tí ọwọ́ bá bọ́ dé ìsàlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ìka ni wọ́n tó ń kó o lọ sídìí odó. Kílò 10 ewé tútù kì í fẹ́ẹ́ ku kílò 3 nígbà náà. Omi ló ti lọ. Wọ́n á wá máa gún un níwọ̀nba, nítorí pé bí odó bá kún jù, ìyẹ̀fun á máa fò jáde. Obìnrin tó ń gún un á fi gèlè bo imú, síbẹ̀ kí ó tó parí, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti di aláwọ̀ ewé. Wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á dá èyí tí kò kúnná padà sínú odó, wọ́n á tún un gún. Ní ilé púpọ̀ lónìí, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́. N kò bá ẹ̀rọ jà, bí wọ́n bá ti fọ ata kúrò nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé lúrú odó àti lúrú ẹ̀rọ sí iwájú mi, ti odó ni n ó mú, nítorí òórùn rẹ̀.

Ní Ìpàtá, inú báàfù ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n di òkìtì ṣóńṣó, wọ́n á gbé kóńgò tì í. Mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo kí i, mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ṣé kò sí yanrìn nínú rẹ̀?" Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, gbà, fi sẹ́nu," ó sì bù díẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ lúrú wò nìyẹn. Ẹ ó kọ́kọ́ fi eyín iwájú rún un. Bí ó bá ní yanrìn, eyín á mọ̀ kíá. Lẹ́yìn náà ẹ ó jẹ́ kí itọ́ mú un: lúrú gidi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ahọ́n, ìyọ̀ yẹn á sì pọ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ti fi ewé mìíràn lú kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ń wo ojú mi. Ó ní, "Ti òjò tó kọjá yìí ni. Ti èṣí ì bá ti pọ́n." Mo ra kóńgò kan, ó fi ènì sí i, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ ká jẹ ẹ́ láyọ̀.

Ọ̀tá lúrú ni omi. Ọ̀rinrin díẹ̀ tí a kò fẹ́ẹ́ rí lè mú kó hu èbu, lúrú tó bá sì ti hu èbu, ẹ má gbìyànjú láti sá a padà, ẹ dà á nù, nítorí májèlé tí èbu ń fi sílẹ̀ nínú oúnjẹ kì í bá oòrùn lọ. Kèrègbè tó gbẹ tàbí ike tó dé pa ló dára fún un, síbi tí ooru àdògán kò ti lè kàn án.

Sísè rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ gbé omi ẹran kaná pẹ̀lú irú, ata gígún, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Tó bá ń hó, ọwọ́ òsì á máa wọ́n lúrú sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á máa fi ìjábẹ̀ rò ó, kò sì gbọ́dọ̀ dúró, nítorí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni kókó á ti dì. Kò pẹ́ tó bá ti hó tán ni ẹ ó sọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ọ̀rẹ́ aláàwẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù lọ tí ewé tútù sì wọ́n. Obìnrin tó bá jí se sààrì lóru kò ní àyè láti máa já ewé ewédú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí kèrègbè, ó bu lúrú, túwó tàbí àmàlà sì ti délẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bọ́jú. N kò mọ àdúgbò kan ní Ìlọrin tí a kò ti lè jẹ ọbẹ̀ yìí, yálà ní Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbì tàbí Alánàámú. Ilé kan á da gbẹ̀gìrì lé e, ilé kejì á bu ọbẹ̀ ata sí i, gbogbo wọn ló gba orúkọ rere.

Òrúnlá náà ń bẹ, ilá tí a rẹ́ pẹlẹbẹ tí a sá gbẹ. Ata gbígbẹ ń bẹ, tòmátì gbígbẹ náà. Àwọn wọ̀nyí lè fara da oòrùn ju ewé lọ. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni sísá wọn sí etí títì, lórí ọ̀dà, níbi tí ọkọ̀ ti ń tú èéfín lé wọn lórí, tí ewúrẹ́ sì ń gba orí wọn kọjá. Ìlú tiwa gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn tí a ti kórè wà, NSPRI, ní ọ̀nà Asa Dam. Iṣẹ́ náà ti wà láti 1948, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso. Wọ́n ti ṣe ilé ìsáǹkan kan tí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọrodo, oòrùn ń wọlé, ooru ń dúró síbẹ̀, eruku kò rí àyè wọ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan nínú ìlú yìí kò pọ̀ jù. Ó yẹ kí ìyá tó ń sá ilá lè rìn dé ibẹ̀ láìwọ ọkọ̀.

Efinrin kì í wọ kèrègbè ní tirẹ̀. Ààyè ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣe é ní Ìlọrin dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Ní agbo ilé tó pọ̀, nídìí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ni ẹ ó ti bá a. Àpótí kékeré kan á wà níbẹ̀, òkúta pẹrẹsẹ fún ẹsẹ̀, búútà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Omi tó ń ti ìgúnpá àti kókósẹ̀ kán sílẹ̀ á wá ojú ọ̀nà kékeré kan tọ̀, ibi tí ojú ọ̀nà yẹn bá sì parí sí ni ìdí efinrin. Láti Àsùbáà dé Ìṣàì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi díẹ̀díẹ̀ ń dé gbòǹgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé garawa fún un. Omi náà kò ní ọṣẹ nínú bíi ti balùwẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká á ti sán nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí efinrin nìkan á dúdú, á tutù.

Ẹ fi ìka méjì di igi rẹ̀ mú, ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́rin. Etí ewé rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ara rẹ̀ sì ní irun múlọ́múlọ́ tí ojú kì í tètè rí àfi tí eruku ọyẹ́ bá ti bà lé e. Ewé inú òjò máa ń fẹ̀, ó sì rọ̀. Ewé oṣù Kìn-ín-ní kéré, ó le díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gùn ju ti inú òjò lọ. Ọwọ́ tó bá já a láàárọ̀ á ṣì máa rùn ún lọ́sàn-án. Nínú púpọ̀ lára efinrin ilẹ̀ wa, thymol ló wà nínú òróró ewé náà, ohun kan náà tó wà nínú táìmù tí a ń rà fún ọbẹ̀ ata. Òróró yẹn ń bá oòrùn fò lọ, ìdí nìyẹn tí efinrin tí a sá síta fi máa ń dà bí koríko lásán lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ ẹ́ dandan, kó so ẹ̀ka rẹ̀ kọ́ sínú ilé ìdáná, síbi tó ṣókùnkùn díẹ̀.

Kí ọyẹ́ tó wọlé, nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n máa ń gé igi náà sílẹ̀ dé bí orúnkún, kí ó lè ta ẹ̀ka tuntun. Wọ́n á kó koríko gbígbẹ sí i nídìí. Bí òdòdó bá ti ń yọ ṣóńṣó lórí rẹ̀, ẹ já a kúrò, nítorí pé efinrin tó bá ti ń wá ọ̀nà àtiso èso kì í ní agbára ewé mọ́. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tó ń gbé yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lè gbìn ín sínú amù tó ti sán. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò tó wà ní Dàda, ní Òkèlele, ń mọ amù tí ara rẹ̀ ń mí, omi tó bá pọ̀ jù á rí ibi jáde. Ewúro kò gba irú àníyàn yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó ń bá ọ̀gbẹlẹ̀ ṣọ̀rẹ́, iṣẹ́ ẹni tó bá já a ni kó fọ̀ ọ́ dáadáa.

Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àkùrọ̀ ni wọ́n ń sá tọ̀. Odò Àsà ń ti gúúsù bọ̀, ó la ìlú sí méjì, ó ń lọ sí àríwá láti pàdé odò Àwun, kí omi wọn tó dé Odò Ọya. Nínú oṣù Kejì, ẹni tó bá dúró lórí afárá á rí ebè ẹ̀fọ́ létí omi níbi tí gbogbo ilẹ̀ yòókù ti pọ́n. Tẹ̀tẹ̀ ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bí omi bá ń dé ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ yìí. Àwọn ni wọn kò jẹ́ kí ewé tútù kúrò lọ́jà. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ àti pàǹtírí ìlú ń wọ odò náà, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin sì ti kọ ìwé lórí ẹ̀gbin inú Àsà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń pọn omi sí ẹ̀fọ́. Ti ẹni tó ń da ẹ̀gbin sómi lókè odò ni, ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ lọ. Ní tèmi, mo máa ń béèrè ibi tí omi ti wá kí n tó ra ìdì ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì máa ń fi owó kún ti ẹni tó ń fa omi kànga.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, tí òtútù ń mú wá. Efinrin tó wà níta kì í rí oṣù Kọkànlá já níbẹ̀. Ó di inú ilé, lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn díẹ̀ tó bá yọ ti lè kàn án. Ewédú ń wọ fírísà. Lúrú nìkan ni kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Inú àpótí ẹrù ló ti ń bá wọn dé láti ilé, tí a dì nínú ọ̀rá méjì kí ó má baà dà sára aṣọ.

Ìdí igi ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mí. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò ni wọ́n ń gé osè lulẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù àti ilé lè rí àyè, igi tó ti bọ́ agbo ilé láti ìran dé ìran. Èyí tí a bá gbìn lónìí kò ní í tó gùn fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ní Mali àti Niger, àwọn kan ti ń gbin osè bí ẹni gbin ẹ̀fọ́. Wọ́n ń gbìn ín mọ́ra lórí ebè, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n sì ń gé e mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré. Ó ń rú padà, wọ́n sì ń já ewé tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn igi ńlá dúró níhòòhò. Èèpo kóró osè le. Ẹ fọ ẹran funfun ara rẹ̀ kúrò, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbìn ín. Kóró náà wà nínú èso tó ń fì lórí igi báyìí, àkùrọ̀ sì wà létí Àsà. Àgbẹ̀ tó bá fi ebè kan ṣoṣo dán an wò nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀, kó ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni n ó ra ìdì àkọ́kọ́.